GBẸ́NÀGBẸ́NÀ Ń ṢIṢẸ́, GBẸ́NUGBẸ́NU Ń GBOWÓ

Ẹ̀yin èèyàn wa nílùú àti lábúlé, ẹ̀yin olùdìbò, ẹ jẹ́ ká bi yín ní ìbéèrè kan kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Ta ló kan ilẹ̀kùn ilé yín? Ta ló to igi òrùlé tó wà lórí yín? Ta ló kan àga tí ẹ fi jókòó ka ìwé ìròyìn yìí? Káfíńtà àdúgbò ni. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn náà bá yẹ̀ lónìí, ẹ mọ ibi tí ẹ óò ti ká a mọ́.

Ó dáa. Ẹ wá lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó sún mọ́ yín. Ta ló kan bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wá já a sílẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Kó tó di sáà kejì, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ti yẹ̀, ìṣó ti yọrí, ọmọ yín ti bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi orúnkún ṣe tábìlì. Káfíńtà tí ì bá kàn án kó dúró ṣinṣin ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé ìwé náà gan-an. Iṣẹ́ wà nílùú, kò kàn án. Owó jáde, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àmúwá ìjọba ni. Ohun tó fà á kò ju ìwé pélébé kan lọ: ìwé àṣẹ kọngílá. Ẹni tó ní in ló ń gba iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí kò ní in, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá tó, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò dúró sí. Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ wa ní í bá yín sọ lónìí kò sì ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ti ṣe ìwé àṣẹ náà kó máa yẹ fáìlì wò, kó má yẹ ọwọ́ wò. Ìdí rèé tí ẹni tó mọ fáìlì í tò fi ń borí ẹni tó mọ igi í gbẹ́.

BÍ A ṢE Ń DI KÁFÍŃTÀ

Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Òbí á mú un lọ bá ọ̀gá, wọ́n á ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ á máa gbá ṣọ́ọ̀bù, á máa kó èérún igi dà nù, á máa di pákó mú fún ọ̀gá, kí wọ́n tó fún un ní ìfági mú lọ́wọ́. Á máa kọ́ igi. Á mọ̀ pé ìrókò àti òpèpè ń bá ènìyàn kalẹ́, pé afárá rọrùn láti gé ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, pé igi tí kò tíì gbẹ, tí a bá sáré kàn án, yóò wọ́ bó pẹ́ bó yá. Á kọ́ bí a ti ń ki igi bọ inú igi tí kò fi ní mì, kí ìṣó tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba fíríìdọ́ọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, ẹgbẹ́ káfíńtà á fún un ní ìwé ẹ̀rí, ẹbí á jẹ, wọ́n á mu.

Ìjọba náà ní ìdánwò tirẹ̀. Trade Test ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é. Ìpele mẹ́ta ló ní: láti ìpele kẹta ni wọ́n ti ń gòkè dé ìpele kìíní. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń dán ènìyàn wò. Nítorí náà, kì í ṣe pé orílẹ̀-èdè yìí kò mọ bí a ṣe ń dá káfíńtà gidi mọ̀. Ọ̀nà wà. Àwọn ni wọn kì í fẹ́ gba ọ̀nà yẹn nígbà tí owó bá dé.

ÒKÈ ÌWÉ TÍ WỌ́N NÍ KÓ GÙN

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ du iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ máa kà á lọ́wọ́.

Kó ti forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Kó ní ìwé ẹ̀rí owó orí ti ọdún mẹ́ta. Kó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn PENCOM. Kó mú ìwé ITF wá, àwọn tó ń gba owó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Kó mú ti NSITF wá, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Kó ní ẹ̀rí pé orúkọ òun wà nínú àkọsílẹ̀ BPP l'Abuja. Kó lọ búra nílé ẹjọ́. Kó mú ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí. Kó mú lẹ́tà báńkì. Kó mú ẹ̀rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ti ṣe rí, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fi gbé e fún un àti ìwé pé ó ti parí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé iṣẹ́ fún káfíńtà rí, ta nínú yín ló kọ lẹ́tà fún un? Ẹnu lẹ fi bá a sọ ọ́. Ẹ san àsansílẹ̀, ó kàn án, ẹ san ìyókù, ẹ dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn lè kan ilẹ̀kùn ìdajì ìlú, kó kan àga ṣọ́ọ̀ṣì, kó kan pẹpẹ ìwé mọ́ṣáláṣí, kí ìjọba sì wò ó lójú kí wọ́n ní kò ṣe iṣẹ́ kankan rí.

Tí ẹ bá sì wá sí ìpínlẹ̀ àti káńsù, fọ́ọ̀mù mìíràn tún ń dúró, owó ìforúkọsílẹ̀ mìíràn tún wà ńlẹ̀. Wọ́n a pín kọngílá sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, wọ́n a sọ iye iṣẹ́ tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ẹ ka ìpolówó wọn lókè, ẹ kà á nísàlẹ̀: ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ibi tí wọ́n ti ní, "Gbé àga kan tí o kàn wá, ká fi ìdí lé e."

ÒFIN SỌ̀RỌ̀, WỌ́N DI ETÍ

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tó ń dunni jù ni pé òfin ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ ṣàánú ẹni kékeré ju àwọn tó ń lò ó lọ. Ẹ jẹ́ ká là á yé yín, kí wọ́n má baà máa fi fìlà bò yín lójú.

Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020 sọ pé ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kò dìgbà tó bá wá ẹlòmíràn kún un. Òfin yẹn kan náà sọ pé ilé iṣẹ́ kékeré kò ní láti gbé ìwé owó rẹ̀ fún ọ́dítọ̀. Ìjọba fi ọwọ́ ọ̀tún yọ ọ́dítọ̀ kúrò lọ́rùn ẹni kékeré, wọ́n tún fi ọwọ́ òsì béèrè ìwé ọ́dítọ̀ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń tan ta?

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 kò de ilé iṣẹ́ aládàáni bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 15. Òfin ITF tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2011 ń sọ ti ẹni tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ẹni tí òwò rẹ̀ tó mílíọ̀nù 50 náírà lọ́dún. Ìpolówó ìjọba àpapọ̀ pàápàá máa ń fi èyí há sáàárín àkámọ́, ní lẹ́tà wínníwínní. Àmọ́ ta ló ń ka lẹ́tà wínníwínní yẹn fún káfíńtà tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì péré? Ẹni tí kò mọ òfin yóò máa sanwó fún ohun tí òfin kò bi í. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì máa tà á fún un.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ adelé ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ kan. Àṣẹ náà ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ máa ra ohun tí a ṣe nílẹ̀ yìí. Wọ́n ka àwọn ohun náà sílẹ̀, àga àti tábìlì sì wà nínú rẹ̀ gbangba. Wọ́n ní ó kéré tán, kí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá ná lórí wọn jẹ́ ti ọjà ilẹ̀ wa. Èwo ló wá dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àdúgbò yín nínú ìdá 40 yẹn? Ẹ lọ bi í.

Òfin rírà ọjà ìjọba ti ọdún 2007 sọ pé wọ́n lè san tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó gbà á. Àmọ́ báńkì tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ dúró fún un. Báńkì wo ni yóò dúró fún ẹni tó ní ayùn, ìfági àti bẹ́ǹṣì iṣẹ́? Òfin yẹn kan náà sọ pé bí ìjọba kò bá sanwó láàárín 60 ọjọ́ tí ìwé owó ti dé ọwọ́ wọn, wọ́n ti jẹ gbèsè tó ní èlé nìyẹn. Ó tún sọ pé ẹni tó bá lẹ̀dí àpò pọ̀ láti da ìdíje rú, tàbí tó gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ kó lè bọ́ lọ́wọ́ òfin, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ó kéré tán ni, kò sí owó ìtanràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Ìpínlẹ̀ náà lè ṣe tiwọn, Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011. Òfin kò wọ́n wa. Ẹni tí yóò mú un lò ló wọ́n wa.

BÍ ONÍFÁÌLÌ ṢE Ń JẸ ẸJẸ̀ BẸ́ǸṢÌ

Láti ọdún 2004 ni òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé, ìyẹn UBE, ti wà. Ìjọba àpapọ̀ ń kó owó sílẹ̀, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ á mú iye kan náà kún un. Nínú owó yìí ni wọ́n ti ń kọ́ kíláàsì, tí wọ́n ti ń ra bẹ́ǹṣì àti tábìlì. Owó ọmọ yín ni. Ẹ wá wo bó ṣe ń rìn.

Ká fi ṣe àpèjúwe. Ká ní wọ́n fẹ́ ra bẹ́ǹṣì 500, wọ́n sì fọwọ́ sí 60,000 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 30 náírà nìyẹn. Onífáìlì ló gbà á. Kò ní ayùn, kò ní ìfági, kò mọ apá yàtọ̀ sí afárá. Ohun tó ní ni fáìlì, mọ́tò àti nọ́ńbà fóònù ọ̀gá kan. Onífáìlì tà á fún onífáìlì kékeré ní 40,000. Ìyẹn wá bá káfíńtà, ó ní, "Ogún ẹgbẹ̀rún ni mo ní lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pákó, ìṣó, gúlù, owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Bí o kò bá ṣe é, ẹlòmíràn á ṣe é."

Kí ni káfíńtà fẹ́ ṣe? Owó ilé ìwé ọmọ wà ńlẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù ti lé. Ó gbà á. Ó ra afárá tútù, ó fá pákó kó fúyẹ́, ó fi ìṣó mẹ́ta sí ibi tó yẹ kí mẹ́fà wà. Bẹ́ǹṣì wó, ojú òbí ń wo káfíńtà, wọ́n ní ọwọ́ àwọn káfíńtà ayé òde òní ti bàjẹ́. Irọ́ ni! Nínú mílíọ̀nù 30, mílíọ̀nù 10 péré ló fọwọ́ kan pákó. Mílíọ̀nù 20 sọnù sójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá fún káfíńtà ní 40,000 tààrà pé kó fi igi gidi kan án, bẹ́ǹṣì 750 ni owó yẹn ì bá rà. Bẹ́ǹṣì 250 ni wọ́n fi ẹnu jẹ. Bí ọmọ mẹ́ta bá ń jókòó lórí ọ̀kan, ọmọ 750 ni wọ́n yọ àga nídìí wọn. Ìṣirò yìí kò le, ìyá oníṣòwò tó ń ta ata á bá yín ṣe é.

WỌ́N Á NÍ A KÒ FẸ́ ÌWÉ ÀṢẸ

A mọ ohun tí wọn yóò dáhùn. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo ẹni tó gbé hámà máa gba owó ìjọba ni? Bó bá kó owó sá lọ ńkọ́?" Ẹ má dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìbínú. A gbà pé ìwé àṣẹ yẹ kó wà. Ẹni tí yóò gbé òrùlé lé àwọn ọmọdé lórí, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n. Ìjà wa kọ́ ni pé kí wọ́n má yẹ ènìyàn wò. Ìjà wa ni pé ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa wò.

Ẹ jẹ́ ká wo òkè òkun tí wọ́n máa ń fi ń yangàn. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ kọngílá káfíńtà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá. Wọ́n yà á sọ́tọ̀: ìwé àṣẹ wà fún ẹni tó ń to igi ilé, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ó máa ṣe ìdánwò lórí iṣẹ́ náà àti lórí òfin. Láti ọdún 2023, ìwé ìdúró dọ́là 25,000 ni wọ́n ń béèrè, kí ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè rí nǹkan gbà. Láti ọdún 2025 sì ni iṣẹ́ kékeré tí kò tó dọ́là 1,000 ti bọ́ lọ́wọ́ ìwé àṣẹ, bí oníṣẹ́ náà kò bá gba ẹlòmíràn síṣẹ́, tí iṣẹ́ náà kò sì gba àṣẹ ìkọ́lé. Ìlú tó lówó jù wá lọ fíìfíì nìyẹn o. Ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Tiwa ni wọ́n ti ń béèrè gbogbo nǹkan tán kí wọ́n tó rántí ọwọ́.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA YÓÒ ṢE

Ẹgbẹ́ wa kò wá ṣèlérí ọ̀run fún yín. Ohun márùn-ún tó ṣeé fojú rí, tó ṣeé fọwọ́ kàn, la ń sọ.

Èkíní: ìwé Trade Test ni yóò jẹ́ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ láti wọ ìsọ̀rí kọngílá tó kéré jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yege, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ní orí tábìlì kan ṣoṣo, ní káńsù rẹ̀.

Èkejì: bẹ́ǹṣì, tábìlì, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn kékeré, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní káńsù yẹn ni yóò máa ṣe é. Ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta: a ó lẹ orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ àti iye tó gbà á mọ́ ara ògiri ilé ìwé, kí ìyá àti bàbá lè kà á. A ó sì tẹ orúkọ ẹni tó kàn án sára bẹ́ǹṣì. Bí bẹ́ǹṣì bá wó, ẹ óò mọ ilé ẹni tí ẹ óò lọ.

Ẹ̀kẹrin: 60 ọjọ́ ni 60 ọjọ́. Ẹni tó bá ti parí iṣẹ́, tí ọ̀gá ilé ìwé àti àwọn òbí fọwọ́ sí i, kò gbọdọ̀ fi bàtà rẹ̀ jẹ ní sẹ́kítéríátì kó tó gbowó.

Ìkarùn-ún: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn káfíńtà yóò lè dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn, níbi tí báńkì ti kọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ pé kò sówó ní káńsù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó káńsù gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, kì í ṣe kó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé gómìnà. Ẹjọ́ ti parí. Ó ku kí wọ́n tẹ̀ lé e, ó sì ku kí ẹ̀yin bi alága yín ohun tó ń fi owó náà ṣe.

Ẹ̀YIN KÁFÍŃTÀ, Ẹ GBỌ́ TIYÍN

Kí ìdìbò tó dé, ẹ má ká ọwọ́ gbera. Ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ẹ gba nọ́ńbà owó orí yín. Ẹ ṣe ìdánwò Trade Test, kódà bí irun yín bá ti funfun. Láti òní lọ, ẹ sọ fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún yín pé kó kọ ọ́ sí ìwé, bó ṣe ìlà mẹ́ta péré, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì pákó. Ẹ kó ara yín jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìwé tí òfin kò bi yín, ẹ ní kó fi ojú ìwé òfin náà hàn yín.

Ẹ̀yin ìyókù, bí olóṣèlú bá dé ẹnu ọ̀nà yín pẹ̀lú ìrẹsì àti ankara, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta péré. Ta ló kan bẹ́ǹṣì ilé ìwé wa? Èló ni wọ́n fún un? Èló ni wọ́n gbà lórúkọ rẹ̀? Tó bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, tó ń pe orin, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Bí ẹgbẹ́ wa náà bá wọlé tí a kò ṣe ohun márùn-ún tí a kà sókè yìí, ẹ gé ojú ewé yìí pamọ́, kí ẹ fi lé wa lójú ní ọdún kẹrin. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fún ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní àyè kó ṣiṣẹ́. Ẹ gba káàdì ìdìbò yín. Ẹ tètè jáde. Ẹ tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ wa, ẹ dúró ti àpótí, ẹ rí i pé wọ́n kà á lójú yín. Gbẹ́nugbẹ́nu ti jẹ tó. Ó tó gẹ́ẹ́!